Ẹ̀yin onílé-ọtí, owó yín ló wà lórí ààtàn yẹn o!

Bí èèyàn bá dé ilé ọtí kan l'Ékòó láàárọ̀ Sátidé, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi gbogbo òru Fúráìdé ṣe fàájì, nǹkan méjì ló máa rí nílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni àwọn ìgò òfìfo. Wọ́n ti tò wọ́n sínú kéréètì lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n sì ti kà wọ́n. Bí ẹyọ kan bá dín níbẹ̀, ariwo á sọ. Ìkejì ni àwọn tó wà lẹ́yìnkùlé: agolo, ike omi, ọ̀rá, sítírọ́ọ̀, ọbẹ̀ ata tó ti kan, ẹran tí wọn ò jẹ tán. Ìyẹn ò sẹ́ni tó kà á. Bẹ́ẹ̀, owó ọ̀gá kan náà ni wọ́n fi ra gbogbo ẹ̀ o.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń ṣọ́ ìgò bí ẹyin, tí wọ́n sì ń da ìyókù nù? Owó wà lórí ìgò ni. Lọ́dún 1949 ni ìgò Star àkọ́kọ́ jáde nílé iṣẹ́ Nigerian Breweries n'Ígànmú, nígbà tó sì di 1962, Guinness náà dá tiẹ̀ sílẹ̀ n'Íkẹjà. Ìgò táwọn ilé iṣẹ́ ọtí ń lò kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré. Wọ́n á gbà á padà, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún rọ ọtí sí i. Ìdí nìyẹn tí alágbàtà fi máa ń sọ pé ẹni tí kò bá gbé ìgò òfìfo wá, owó ìgò ló máa san. Oníbàárà tó bá fẹ́ gbé tiẹ̀ relé náà, owó ìgò ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi í. Ọlọ́pàá kọ́ ló ń lé wọn ṣe é, àpò wọn ni.

Agolo àti ike kò ní owó ìgò ní tiwọn. Téèyàn bá mu ún tán, ó di jíjù nù, gọ́tà ló sì máa ń bá a lọ. Bí òjò bá wá dé, omi ò ríbi gbà, ó di kó máa wọlé onílé. Lóṣù kìn-ín-ní, ọdún 2024, Kọmíṣánnà fún ọ̀rọ̀ àyíká nípìńlẹ̀ Èkó, Ọ̀gbẹ́ni Tokunbo Wahab, kéde pé wọn ò gbọ́dọ̀ ta ike funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n fi ń di oúnjẹ mọ́, wọn ò sì gbọdọ̀ lò ó. Nígbà tó di ọjọ́ 1, oṣù keje, 2025, ó kan sítírọ́ọ̀, ife ike àtàwọn ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà. Onílé-ọtí tó bá ṣì ń fi irú ike yẹn di asun fún oníbàárà, ẹjọ́ ló ń fowó ara ẹ̀ rà.

Àwọn ará Jámánì ti fi ọgbọ́n owó ìgò yìí kan agolo àti ike láti ọdún 2003. Sẹ́ǹtì 25 ni wọ́n ń fi lé ẹyọ kan lórí, ẹni tó bá dá a padà ló máa gba owó ẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni kì í padà.

Èyí tó wá ń gbọ́n owó lọ jù, tí ojú kì í tètè rí, ni ti oúnjẹ. Ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ lọ́dún 2024 pé oúnjẹ tó lé ní bílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù ló ṣòfò káàkiri ayé lọ́dún 2022, ilé oúnjẹ, òtẹ́ẹ̀lì àtàwọn irú wọn ló sì ni mílíọ̀nù 290 níbẹ̀. Ẹ má rò pé òkè òkun nìkan nìyẹn o. Ìyá tó se odidi ìkòkò pẹ́pẹ́súùpù nítorí bọ́ọ̀lù alẹ́ Túsìdé, tí òjò wá rọ̀, tí iná tún lọ, òun náà ti dá tiẹ̀ sí i.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dénú kì í se gbogbo ẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á bọ ẹran sílẹ̀, wọ́n á pín in sínú abọ́ kéékèèké sí fírísà, ìwọ̀nba tí oníbàárà bá béèrè ni wọ́n máa po ata sí. Wọ́n ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ ọ́ sí: abọ́ mélòó ni wọ́n tà lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mélòó lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù, mélòó ló kù. Kó tó pé oṣù kan, ìwé yẹn á ti máa sọ bí ìkòkò ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó. Àwọn ọlọ́sìn ẹlẹ́dẹ̀ máa ń wá àjẹkù, ṣùgbọ́n kí wọ́n sè é jinná o, torí inú àjẹkù ni irú ibà ẹlẹ́dẹ̀ tó jà l'Ókè-Àró lọ́dún 2020 lè gbà wọlé.

Ọtí gan-an náà ń ṣòfò. Bíà tó bá pẹ́ jù nínú fírísà á dì, á wú, ìgò á là. Èyí tí wọ́n tò sínú oòrùn, pàápàá tí ìgò ẹ̀ bá jẹ́ aláwọ̀ ewé, òórùn ẹ̀ á yí padà, oníbàárà á sì dá a padà. Èyí tí wọ́n to tuntun lé lórí, ọjọ́ tó wà lára ẹ̀ á kọjá sísàlẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ dé ni kó kọ́kọ́ jáde. Fírísà tí wọ́n sì ń ṣí ṣáá, epo jẹnẹrétọ̀ ló ń jẹ. Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún, ọdún 2023, ta ló tún ní epo tó fẹ́ dà nù?

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Abọ́ ọbẹ̀ méjì lónìí, ìgò kan lọ́la, lítà epo kan lọ́tùn-únla. Tóṣù bá parí, ọ̀gá á máa bi ara ẹ̀ pé ta ló ń jí òun lówó, á wá máa wo ojú ọmọ tó ń gbé ọtí. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sólè kankan níbẹ̀. Ojú tí ẹ fi ń wo ìgò ni kí ẹ fi wo ìyókù: ẹ kà á, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kẹ́ ẹ tó lé ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ garawa ìdọ̀tí yín wò.