Sẹ́ẹ̀lì Jẹjẹrẹ Ẹnu Nínú Àwòṣe Oníhà-Mẹ́ta

Orí awo ike pẹlẹbẹ ni àwọn onímọ̀ ti sábà ń sin sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ẹnu fún ìwádìí. Níbẹ̀, gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló ń rí ọ́síjìn, oúnjẹ àti oògùn gbà bákan náà. Lára ènìyàn, kókó ni jẹjẹrẹ ń dì. Ọ́síjìn kì í tó àwọn sẹ́ẹ̀lì àárín rẹ̀, oògùn kì í sì í tètè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìdí nìyí tí oògùn tó ṣiṣẹ́ lórí awo fi lè kùnà lára aláìsàn.

Àwòṣe oníhà-mẹ́ta ń gbìyànjú láti dí àlàfo yìí. Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ ní Oulu, ní orílẹ̀-èdè Finland, gbé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ahọ́n lé orí ìju, ìyẹn kókó ilé-ọmọ tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, tí wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ yọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà wọnú rẹ̀ jinlẹ̀ ju bí wọ́n ṣe wọnú kọ́lájìn lásán lọ. Èyí fi hàn pé ibùgbé sẹ́ẹ̀lì wà lára ohun tó ń darí ìwà rẹ̀.

Àwòṣe yìí kò ní ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn, kò sì lè rọ́pò aláìsàn. Ṣùgbọ́n ó mú ìdánwò oògùn súnmọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ènìyàn gan-an.