Ẹ̀sùn Rìbá àti Àga Olórí Ìlú: Láti Ìgbà Méyọ̀ Èkó Dé Alímọ̀ṣọ́

Bí wọ́n bá fi ẹ̀sùn kan olórí ìlú pé ó fọwọ́ kan owó ìlú, ìbéèrè méjì ni ó máa ń dìde. Èkínní ni pé: ǹjẹ́ ó jẹ owó náà ní tòótọ́? Èyí ni ìgbìmọ̀ ìwádìí máa ń bi, èyí náà sì ni àwọn ọ̀mọ̀wé fẹ́ràn láti máa jiyàn lé lórí. Èkejì ni pé: ta ni ó ń fẹ̀sùn kàn án, ta ni yóò sì jókòó sí àga náà bí ó bá dìde? Ìbéèrè kejì yìí ni ìyálọ́jà, awakọ̀ àti baálé ilé máa ń kọ́kọ́ bi. Nítorí pé ìdáhùn wọn kì í sábà bá ti ìgbìmọ̀ ìwádìí mu, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ti sọ ọ́ di àṣà láti máa wí pé àwọn ará ìlú kò ka olè jíjà sí, tàbí pé àìmọ̀wé ni ó mú wọn máa jó tẹ̀lé olè. Ìdájọ́ yìí kò tọ́, bí ó tilẹ̀ dùn-ún gbọ́ létí ẹni tí ó kàwé.

Ọ̀ràn náà kò tí ì di ohun àtijọ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó dá alága ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, Jelili Sulaimon, dúró lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní ó ṣe àìgbọràn sí Ilé, ó sì hu ìwà tí kò yẹ. Wọ́n sì pàṣẹ kí igbákejì rẹ̀ gba àkóso lójú ẹsẹ̀. Kí òǹkàwé má ṣe ṣi èyí gbọ́: àìgbọràn ni ẹ̀sùn tí ó gba iwájú, ẹ̀sùn Ilé kì í sì í ṣe ìdájọ́ ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n kò tí ì pé oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà, ní 11 oṣù Keje, tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti dá a lẹ́jọ́ pé gómìnà kò ní agbára láti tú ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ tí ará ìlú dìbò yàn ká, àti pé kí a máa san owó ìjọba ìbílẹ̀ fún un tààrà. Nítorí náà, kì í ṣe ìwà alága nìkan ni ọ̀rọ̀ dá lé. Ẹni tí ó ní àṣẹ láti dá a dúró, àti ẹni tí yóò gba ipò rẹ̀, wọ inú àríyànjiyàn náà pẹ̀lú.

Bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀ yóò yéni dáadáa bí a bá padà sí àkókò kan tí Ìkòtún, Ìgándò àti Ẹgbẹ́dá ṣì jẹ́ abúlé olóko. Wọ́n wà lẹ́yìn ààlà ìlú Èkó nígbà náà, lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, wọn kò sì di ara Ìpínlẹ̀ Èkó títí di ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967. Àwọn ará ibẹ̀ kò dìbò yan méyọ̀ Èkó rí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí méyọ̀ náà ni ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí alága ìbílẹ̀ lónìí.

Òfin ọdún 1950 ni ó dá oyè méyọ̀ sílẹ̀. Ó fún Èkó ní ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 24 tí gbogbo wọn jẹ́ ẹni tí a dìbò yàn, ó sì fún àgbàlagbà gbogbo, lọ́kùnrin lóbìnrin, ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Nínú ìdìbò oṣù Kẹwàá ọdún náà, NCNC, ẹgbẹ́ Alákùkọ, pẹ̀lú ẹgbẹ́ Dẹ́mọ ayé àtijọ́ tí Herbert Macaulay fi sílẹ̀, gba ìjókòó 18. Dókítà Abúbákárì Ìbíyínká Ọlọ́run-Nímbẹ, oníṣègùn tí ó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ní Glasgow, ni wọ́n fi ṣe méyọ̀. Òun ni àkọ́kọ́, òun náà sì ni ìkẹyìn.

Kí ìwádìí kankan tó bẹ̀rẹ̀ ni okùn ti já láàárín òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1952, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn fẹ́ yan méjì nínú àwọn aṣojú Èkó márùn-ún lọ sí Ilé Aṣojú ti gbogbo Nàìjíríà. Nnamdi Azikiwe ni ẹgbẹ́ Alákùkọ fẹ́ kí ó lọ. Ọlọ́run-Nímbẹ àti Adélékè Adédoyin kò yẹ̀ fún un, àwọn Ọlọ́pẹ tí wọ́n pọ̀ jù nínú Ilé sì yan àwọn méjèèjì. Azikiwe dúró sí ìta. Ẹgbẹ́ Alákùkọ lé Ọlọ́run-Nímbẹ. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Èkó wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, gbé ìwádìí kalẹ̀ lórí ìgbìmọ̀ Èkó, méyọ̀ ti di ẹni tí kò ní agbo ilé. Ẹni tí a bá lé kúrò nílé kì í rí ẹni bá a dá ọ̀tá dúró lójú ọ̀nà.

Bernard Storey, akọ̀wé ìlú Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n pè wá ṣe ìwádìí náà. Ìròyìn rẹ̀ sọ pé rìbá ti gbilẹ̀ nínú iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà. Ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀, ibi tí kò dúró sí yìí ni ó sì ṣe pàtàkì jù. Ó wí pé gbígba owó lábẹ́lẹ̀ tàn ká gbogbo iṣẹ́ ìlú, tí ó fi dé orí nọ́ọ̀sì tí ń gba nǹkan kí ó tó fún aláìsàn ní oògùn, àti òṣìṣẹ́ tí ń gba ẹ̀bùn kí ó tó gbé abọ́ ìgbọ̀nsẹ̀ wá síbi ibùsùn. Ará Èkó tí ó gbọ́ èyí kò gbọ́ ohun tuntun. Ó ti ń san owó náà tipẹ́.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ohun tí a fi bẹ ènìyàn ṣáájú, tí a tẹ́ sílẹ̀ de ọjọ́ ọ̀ràn. Ìtìjú wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹni tí ó sì gbà á kì í fẹ́ kí a pe orúkọ rẹ̀. Rìbá bá ẹ̀sìn Mùsùlùmí wọlé láti inú èdè Lárúbáwá, níbi tí ó ti túmọ̀ sí èlé orí owó, kí ó tó yí padà lẹ́nu Yorùbá. Ẹ̀gúnjẹ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgboro, ọmọ ìkẹyìn nínú wọn. Ènìyàn tí kò bá mọ ohun kan sí àìdára kì í wá orúkọ mẹ́ta fún un. A kò lè wí pé Yorùbá kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀bùn àlejò àti owó ẹ̀yìn.

Kí ni wọ́n wá fi rọ́pò méyọ̀? Wọn kò wá méyọ̀ mìíràn. Òfin Ìjọba Ìbílẹ̀ Èkó ti ọdún 1953, tí Ilé Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ṣe, pa oyè náà rẹ́, ó sì fi Ọba Adéníji Adélé Kejì, tí ó gorí ìtẹ́ ní 1949, ṣe olórí ìgbìmọ̀. Àwọn olóyè náà rí ìjókòó gbà nínú rẹ̀. Ní ojú òfin, ètò tí ó mọ́ ni: a mú òṣèlú kúrò, a fi ọba sí i. Ní ojú ará Èkó, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan nínú ìdílé ọba kò gbà pé oyè tọ́ sí Adélé, wọ́n sì gbé ọ̀ràn náà lọ sí ilé ẹjọ́. Gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó ni ó sì mọ̀ pé àárín Ọba àti àwọn Ọlọ́pẹ gún. Àwọn Ọlọ́pẹ sì ni ó wọlé nínú ìdìbò ìgbìmọ̀ tí ó tẹ̀lé e. Ẹgbẹ́ tí ó ṣe òfin ni ẹgbẹ́ tí ó jèrè rẹ̀. Olùfẹ́ Alákùkọ tí ó bá wí pé olè ní ń mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta kò fi bẹ́ẹ̀ gbèjà rìbá. Ẹni tí ó ń tọpasẹ̀ ni ó ń tọ́ka sí.

Síbẹ̀, kò sí ìrúkèrúdò ńlá ní Èkó nítorí Ọlọ́run-Nímbẹ. Ìdí rẹ̀ ni èyí tí a ti sọ: ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú. Ti Ìbàdàn kò rí bẹ́ẹ̀.

Adégòkè Adélabú gba ìgbìmọ̀ Ìbàdàn ní ọdún 1954 pẹ̀lú ẹgbẹ́ Mábọlájẹ́. Orúkọ ẹgbẹ́ náà ti tó àlàyé fún ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá: ọlá àwọn baálẹ̀ àti mọ́gàjí ni wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má bà jẹ́. Àwọn àgbẹ̀ kòkó tí inú ń bí nítorí bí ìjọba ṣe ń gé igi kòkó wọn nígbà àrùn, àti àwọn tí owó orí tuntun ń wúwo lọ́rùn, wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó sọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó le ju ti òyìnbó lọ, ó sì bá mẹ̀kúnnù jókòó lórí ẹní. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì tí ó fi pe ìdàrúdàpọ̀ àràmàǹdà kan ni àwọn tí kò gbọ́ èdè náà sọ di pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì, tí ó ṣì wà lẹ́nu títí di òní. (Ó ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mọ ọ̀rọ̀ yìí, tí wọn kò sì mọ ẹni tí ó bí i.) Ní 1955 ó di mínísítà ní ìjọba àpapọ̀ láì fi àga alága Ìbàdàn sílẹ̀.

Ní ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn pe E. W. J. Nicholson, akọ̀wé ìlú Abingdon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti wádìí ìgbìmọ̀ Ìbàdàn. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1956, ó sì dá Adélabú lẹ́bi. Adélabú fi iṣẹ́ mínísítà àti ti alága sílẹ̀. Ìjọba tú ìgbìmọ̀ ká, ó sì yan ìgbìmọ̀ fìdíhẹ sí ipò rẹ̀. Ọ̀nà kan náà tí wọ́n gbà ní Èkó ni: ẹgbẹ́ alátakò ni ó yan olùwádìí, òun náà ni ó yan àrólé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, a dìbò sí Ilé Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn. Ìbàdàn dìbò fún Adélabú, wọ́n sì gbé e wọlé, ó di olórí ẹgbẹ́ alátakò nínú Ilé.

Àwọn tí ó ka ìròyìn Nicholson kò lè gba èyí gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ni ìwé ìdìbò bi ará Ìbàdàn? Kò bi í pé, ǹjẹ́ Adélabú jalè? Ohun tí ó bi í ni pé, Adélabú ni ìwọ ń fẹ́, tàbí àwọn tí ó fi owó orí kún owó orí rẹ, tí wọ́n sì tú ìgbìmọ̀ tí o fọwọ́ ara rẹ yàn ká? Ọ̀tá ẹni kì í pa òdù ọ̀yà. Bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn tí ọ̀tá gbé wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́, kì í tóbi lójú ẹni. Nígbà tí Adélabú kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lẹ́bàá Òdè Rẹ́mọ ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1958, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìbàdàn kò gbà pé ìjàǹbá lásán ni. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀mí sì bọ́. Ìgbà náà ni àwọn tí ó fojú tín-ín-rín ìbéèrè kejì rí iye tí ó ń ná ìlú. Ní ti àrólé, Mábọlájẹ́ kò rí ẹni tí ó lè wọ bàtà rẹ̀: ìjà dé láàárín Adéoyè Adísá àti Mojeed Àgbájé, ẹgbẹ́ sì pín.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni èyí bá. Ìgbìmọ̀ Coker ti ọdún 1962 dá Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lẹ́bi lórí owó àwọn àjọ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, kò sì rí ẹ̀bi lára S. L. Akíntọ́lá, tí ó padà sí àga ìjọba ní ìbẹ̀rẹ̀ 1963. Àwọn Ọlọ́pẹ tí ó fi ìròyìn Storey àti ti Nicholson ṣe ẹ̀rí wá ń sọ ohun tí àwọn Alákùkọ ti sọ ṣáájú wọn.

Ìlú kan wà tí ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn lọ, ó sì yẹ kí a wò ó. James Michael Curley, méyọ̀ Boston ní Amẹ́ríkà, lọ sí ẹ̀wọ̀n ní 1947 nítorí ìwà jìbìtì, láì fi oyè sílẹ̀. John Hynes, akọ̀wé ìlú, ni ó di àga mú dè é fún oṣù márùn-ún. Nígbà tí Ààrẹ Truman dín ẹ̀wọ̀n náà kù tí Curley sì padà, ọ̀pọ̀ èrò jáde pàdé rẹ̀. Òun sì fọ́nnu pé iṣẹ́ tí òun ṣe ní ọjọ́ kan ju ti Hynes ní oṣù márùn-ún lọ. Ọ̀rọ̀ náà bí Hynes nínú. Ó bá a du àga ní 1949, ó sì borí. Hynes kò fẹ̀sùn kàn án, kò rán an lẹ́wọ̀n, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe jẹ́ẹ́. Nígbà tí àrólé kì í ṣe olùfisùn, ará Boston rí ààyè láti wo ìwà Curley fúnra rẹ̀, wọ́n sì fi ìbò dá a lẹ́jọ́.

Alímọ̀ṣọ́ wà láàárín méjèèjì. Ìlú tí Ilé Aṣòfin fẹ́ fi ọwọ́ kàn ní 2024 kì í ṣe abúlé olóko mọ́: láti 2003 ni wọ́n ti pín in sí mẹ́fà, Alímọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀, Agbádó àti Òkè-Odò, Àyọ̀bọ̀ àti Ìpájà, Ẹgbẹ́ àti Ìdímù, Ìkòtún àti Ìgándò, Mọ́sàn àti Òkúnọlá. Igbákejì tí wọ́n ní kí ó gba àkóso kì í ṣe ọ̀tá láti ìta. Ìbò kan náà ni ó gbé òun àti alága wọlé. Ní ti èyí, ó jọ Hynes ju ìgbìmọ̀ fìdíhẹ Ìbàdàn lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ̀sùn kan alága ni ó dá a lẹ́jọ́, òun náà ni ó pàṣẹ ẹni tí yóò jókòó, Yorùbá sì ti wí pé agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, nítorí náà ará Ẹgbẹ́dá kò rí alátakò tí yóò bá a ka ìwé ìṣirò owó náà sókè. Ìpínlẹ̀ Èkó ní olùyẹ̀wé-owó-wò àgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ nìkan. Iwájú Ilé Aṣòfin yìí kan náà sì ni ìròyìn rẹ̀ ń lọ.