Bí Wọ́n Bá Ní Kí Dókítà Ọpọlọ Wá Wo Èèyàn Wa

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ kan tó ń lé àwọn èèyàn kúrò ní ọsibítù nígbà tó yẹ kí wọ́n dúró la fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé a gbé bàbá kan láti Ìkọ̀lé tàbí Ọ̀yẹ́ lọ sí ọsibítù ńlá ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìdó, èyí tí à ń pè ní FMC kó tó di ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn oníṣègùn ní 2014. Ẹsẹ̀ tó kán la tìtorí rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kẹta, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ń bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀, kò dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́. Dókítà eegun bá kọ̀wé pé kí dókítà ọpọlọ wá wò ó. Ni ẹbí bá gbaná jẹ: “Bàbá wa kì í ṣe wèrè! Ilé là ń lọ.”

Òótọ́ ni, àwọn àgbà ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Òwe yẹn ló ń dẹ́rù bà wá. Ṣùgbọ́n ìwé tí dókítà kọ kì í ṣe ìdájọ́. Ara kan náà ni ọpọlọ wà. Ibà líle, ṣúgà tó lọ sílẹ̀ jù lára alátọ̀gbẹ, tàbí kòkòrò àìsàn tó wọnú ẹ̀jẹ̀ lè da orí èèyàn rú láàárín wákàtí díẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni bàbá yìí ń mu ògógóró nílé, àìrímu lọ́sibítù lè mú kó máa gbọ̀n, kó sì máa rí ìrankíran lọ́jọ́ kejì sí ìkẹta. Ó lè pa èèyàn, bẹ́ẹ̀ oògùn wà fún un. Nítorí náà, ẹ má fi iye ọtí tí ẹni yín ń mu pa mọ́ fún dókítà, ẹ má sì fi àgbo tó ń lò pa mọ́.

Kí wá ni dókítà ọpọlọ ń ṣe? Ọ̀pọ̀ ìgbà, òun ló ń wá bá aláìsàn níbi bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Á béèrè pé: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó ń rí oorun sùn? Ṣé irú rẹ̀ ti ṣe é rí? Á wo èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn náà òun àti dókítà tó pè é á jọ pinnu ìtọ́jú.

Wọ́n máa ń pè é sí wọ́ọ̀dù àwọn abiyamọ náà. Abísínwín kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe pé ìyàwó dalẹ̀ ọkọ. Nínú 1,000 obìnrin tó bímọ, ó ń mú ẹnì kan tàbí méjì, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ìtọ́jú kíákíá ló ń fẹ́, ẹ má sì fi ìyá nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbádùn, tí wọ́n sì ń tọ́ ọmọ wọn dàgbà.

Èyí tó le jù ni ti ẹni tó gbé májèlé jẹ nítorí gbèsè tàbí ìbànújẹ́, tí àwọn dókítà sì gbà là. Inú ẹbí á dùn, wọ́n á ti máa di ẹrù. Ṣùgbọ́n májèlé ni wọ́n fọ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó gbé e débẹ̀ ṣì wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà ọpọlọ rí i kó tó wálé. Nílé, ẹ ti kẹ́míkà tí ẹ ń fín sóko mọ́nú àpótí, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bó bá sì jẹ́ owó tí a yá ọmọ ẹgbẹ́ kan ló ń dà á láàmú, kó tètè wá bá ìgbìmọ̀ wa. A lè sún ọjọ́ sísan síwájú, a kò lè ra ẹ̀mí.

Lọ́jọ́un, wèrè ni òfin ilẹ̀ wa ń pe àwọn aláìsàn wọ̀nyí. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 tí Ààrẹ Buhari ti fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, ẹ̀tọ́ wọn ti wà lákọsílẹ̀. Ó ku tiwa.

Bí wọ́n bá pe dókítà ọpọlọ sí ẹni yín, ẹ fìdí mọ́lẹ̀, ẹ dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú.