Pápá gọ́ọ̀fù tó ń kìlọ̀ fún àlejò: Bethpage Black àti àwọn tó ń gbá a láti ẹ̀yìn pátápátá

Ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ eré ní pápá gọ́ọ̀fù Bethpage Black, ní ìpínlẹ̀ New York lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, pátákó kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dúró tì láti ya fọ́tò kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Ìkìlọ̀ ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Ohun tí ó ń sọ ni pé pápá náà le kọjá bẹ́ẹ̀, àti pé ẹni tó bá mọ eré náà dunjú nìkan ni àwọn gbà nímọ̀ràn pé kí ó wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kàkà kí ìkìlọ̀ yìí lé àwọn ènìyàn sá, ńṣe ni ó ń pè wọ́n. Ẹni tí ó ti sun inú ọkọ̀ mọ́jú kí ó lè ráyè gbá gọ́ọ̀fù níbẹ̀, ṣé pátákó ni yóò wá dá a padà?

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú gọ́ọ̀fù, n kò sì bá yín wí. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, eré olówó ni a kà á sí, eré àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́, àwọn ológun àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ńláńlá bíi Ikoyi Club ní Èkó. Ọmọ mẹ̀kúnnù tó bá rí ẹsẹ̀ gbé wọ inú rẹ̀, báàgì ni ó sábà máa ń bá wọn gbé, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń fi eré náà jẹun ní Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Bethpage fi yẹ ní gbígbọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ín, kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kankan. Awakọ̀, tíṣà, panápaná, ẹnikẹ́ni tó bá ti san owó tí ó sì rí àyè gbà, lè dúró níbi tí Tiger Woods dúró sí gan-an, kí ó sì gbá bọ́ọ̀lù sí ihò kan náà.

Eré náà kò ṣòro láti lóye. Ihò méjìdínlógún ló wà nínú pápá. Ènìyàn yóò fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré láti ojú ìbẹ̀rẹ̀ títí yóò fi wọ ihò, ẹni tí iye ìgbà tí ó gbá a bá kéré jù lọ ló borí. Ihò kọ̀ọ̀kan ní òṣùwọ̀n tirẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tí a retí pé kí ọ̀jáfáfá gbá a kó tó wọlé: mẹ́ta fún èyí tó kúrú, mẹ́rin tàbí márùn-ún fún èyí tó gùn. Ní Bethpage Black, àpapọ̀ òṣùwọ̀n náà jẹ́ 71. Bí àwọn akọni àgbáyé bá dé, wọ́n máa ń dín in kù sí 70, kí ó lè túbọ̀ nira fún wọn.

Ojú ìbẹ̀rẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe ẹyọ kan ni ó wà fún ihò kọ̀ọ̀kan. Wọ́n máa ń tò wọ́n tẹ̀ léra ni, àmì aláwọ̀ oríṣiríṣi ni wọ́n sì fi ń dá wọn mọ̀. Ti iwájú wà fún àwọn tí kò lè gbá bọ́ọ̀lù jìnnà, ti àárín wà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ti ẹ̀yìn pátápátá sì wà fún àwọn tó gbójú tó sì lágbára. Ẹni tó bá gbá Bethpage Black láti ẹ̀yìn pátápátá yóò gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ la ohun tó lé ní 7,400 yáàdì kọjá, yáàdì kan náà tí àwọn ìyá aláṣọ fi ń wọn ankara. Ìyẹn lé ní máìlì mẹ́rin, a kò sì tíì ka ìrìn láti ihò kan dé ojú ìbẹ̀rẹ̀ èyí tó kàn, àti òkè tí ènìyàn yóò máa pọ́n tí yóò sì máa sọ̀. Ọkọ̀ kékeré tí àwọn agbágọ́ọ̀fù ń gùn kiri ní ibòmíràn kò sí nínú èyí. Ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn fi ń rìn ín, ó sì máa ń tó wákàtí márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ó bá jẹ́ pé ó gùn nìkan ni, kò tó ohun tí à ń kọ ìròyìn lé lórí. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ilẹ̀ púpọ̀ lè ṣe pápá tó gùn. Ohun tó mú kí ti Bethpage yàtọ̀ ni pé ẹni tó yà á ronú kó tó yà á. Ẹ wo ihò karùn-ún. Kòtò yanrìn ńlá kan na ara rẹ̀ dagun sí apá ọ̀tún ọ̀nà. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà lè gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ sí òsì, níbi tí kò ti séwu. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé ibẹ̀ tán, yóò rí i pé àwọn igi ti dí ojú ọ̀nà ihò mọ́ òun, bẹ́ẹ̀ sì ni orí òkè ni ihò wà. Ẹni tó láyà, tí ó sì lágbára láti gbá bọ́ọ̀lù fò kòtò náà lápá ọ̀tún, òun ni ọ̀nà yóò là fún gbọnrangandan. Bí ènìyàn bá ṣe fẹ́ kí ọ̀nà là fún òun tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe fi ara rẹ̀ wewu tó. Láti ojú ìbẹ̀rẹ̀ iwájú, kòtò náà kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà láti fò. Láti ẹ̀yìn pátápátá, ó dà bí odò tí kò ní afárá.

Ihò kẹrin, tí òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ márùn-ún, ni ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ máa ń yìn jù lọ. Kòtò yanrìn gàgàrà ló dábùú ọ̀nà rẹ̀, ìpele lórí ìpele, bí ẹni pé wọ́n gé òkè náà ní àtẹ̀gùn. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìwọra dé ibi ihò lẹ́ẹ̀kan náà yóò gbá a kọjá gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ihò wà dagẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn, bọ́ọ̀lù tó bá fi agbára balẹ̀ níbẹ̀ yóò yí gbirigbiri lọ ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí èyí: kò sí ẹ̀tàn kankan nínú rẹ̀. Kò sí kòtò tí wọ́n fi pamọ́, omi kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí nínú pápá náà. Gbogbo ohun tó lè ba eré ènìyàn jẹ́ ló wà lójú rẹ̀ kedere kí ó tó gbé ọ̀pá sókè. Lójú tèmi, ohun tó ya pápá tó dára sọ́tọ̀ kúrò lára pápá tó kàn ń ni ènìyàn lára nìyẹn.

Àìríṣẹ́ṣe ló bí pápá náà. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí ọ̀dá owó dá gbogbo Amẹ́ríkà, tí àìmọye ènìyàn kò níṣẹ́ lọ́wọ́, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tí kò ríṣẹ́ jọ sídìí iṣẹ́ òpópónà, afárá àti ọgbà ìgbafẹ́. Robert Moses, tí àṣẹ ọgbà ìgbafẹ́ New York wà níkàáwọ́ rẹ̀, fẹ́ kí àwọn tí kò lè wọ ẹgbẹ́ olówó ní ibi gọ́ọ̀fù tiwọn. Wọ́n pe A. W. Tillinghast, tí ó ti ya pápá Winged Foot àti Baltusrol fún àwọn ọlọ́lá, kí ó wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ ọ̀dá owó ìgbà náà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Joseph Burbeck ló ń bójú tó iṣẹ́ náà lójoojúmọ́. Ní ọdún 1936, wọ́n ṣí Bethpage Black. Títí di òní, àríyànjiyàn ṣì wà lórí ẹni tó ni èrò inú rẹ̀ gan-an. Àwọn kan ní Burbeck ni, kì í ṣe Tillinghast, ọ̀rọ̀ náà sì wọ ìwé ìròyìn ní ọdún 2002. Orúkọ Tillinghast ni ayé ṣì ń dá. Ní ti àwọn lébìrà tó fi ṣọ́bìrì gbẹ́ àwọn kòtò ńláńlá yẹn, kò sẹ́ni tó ń jà du orúkọ fún wọn.

Pápá náà ti fẹ́ di ahoro nígbà tí àjọ USGA, tó ń ṣàkóso gọ́ọ̀fù ní Amẹ́ríkà, fi owó sí i ní ìparí àwọn ọdún 1990. Rees Jones tún un ṣe láìgba owó iṣẹ́. Ní 2002, wọ́n gbé ìdíje U.S. Open lọ síbẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìdíje tí wọ́n ti ń ṣe láti 1895 yóò wáyé ní pápá tó jẹ́ ti ìjọba. Wọ́n na pápá náà dé 7,214 yáàdì, kò sì sí U.S. Open tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí títí di ìgbà náà.

Ọjọ́ kejì ìdíje yẹn ni àwọn akọni mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀yìn pátápátá. Ihò kẹwàá gùn tó 492 yáàdì, ó lé ní pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí a tò síra. Láàárín ojú ìbẹ̀rẹ̀ àti ibi tí koríko gígẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí 250 yáàdì ni, koríko gíga ló sì kún ibẹ̀. Òjò ń rọ̀, òtútù mú. Àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun, tí wọ́n ń gba mílíọ̀nù dọ́là, gbá bọ́ọ̀lù wọn dáadáa, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ rẹ̀ bọ́ sínú koríko gíga kó tó dé ojú ọ̀nà. Nígbà tí ìdíje parí, ẹnìkan ṣoṣo ni iye tirẹ̀ kéré sí òṣùwọ̀n: Tiger Woods, ó fi mẹ́ta dín in. Phil Mickelson, tó ṣe ipò kejì, gbá òṣùwọ̀n gééré.

Pápá náà ti gba àlejò púpọ̀ láti ìgbà náà. Lucas Glover gba U.S. Open níbẹ̀ ní 2009, nínú òjò tó mú kí eré wọ ọjọ́ Ajé. Ní 2019, Brooks Koepka gbá 63 ní ọjọ́ kìíní ìdíje PGA Championship, ó sì fi méje ṣíwájú nígbà tí ó ku ọjọ́ kan. Gbogbo ènìyàn ti ń bá a yọ̀. Afẹ́fẹ́ wá dé, ó pàdánù ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní ihò kọkànlá, ìkejìlá, ìkẹtàlá àti ìkẹrìnlá, léraléra. Ó kù díẹ̀ kí ojú tì í, kó tó fi méjì borí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ibẹ̀ ni Yúróòpù ti na Amẹ́ríkà ní 15 sí 13 nínú ìdíje Ryder Cup.

Ṣùgbọ́n àwọn akọni kì í pẹ́ lọ, àwọn tó ni pápá á sì padà síbẹ̀. Ibi ìgbọ́kọ̀sí kan wà níbẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ tò sí ìlà láti òru. Nínú ọkọ̀ ni wọ́n ń sùn, elòmíràn ń jẹun, elòmíràn ń ta káàdì, títí òṣìṣẹ́ ọgbà yóò fi dé kí ilẹ̀ tó mọ́ láti pín nọ́ńbà fún wọn. Owó tí ọmọ ìpínlẹ̀ New York ń san kéré gan-an sí èyí tí àlejò ń san. Bí ó bá kan wọ́n láàárọ̀, ìbéèrè tó kù ni pé níbo ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wọn ló ń lọ sẹ́yìn pátápátá, ibẹ̀ sì ni ìjà wà. Ní 2011, USGA àti ẹgbẹ́ PGA ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìpolongo kan tí wọ́n fi ń rọ àwọn agbágọ́ọ̀fù pé kí wọ́n bọ́ síwájú, kí oníkálukú bẹ̀rẹ̀ níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń lọ 200 yáàdì, tí ó dúró ní ẹ̀yìn ihò kẹwàá, bí ó tilẹ̀ gbá méjì tó dára jù láyé rẹ̀, ó ṣì ku nǹkan bí 90 yáàdì kó tó dé ibi tí akọni ń fi méjì dé. Òun kò tilẹ̀ ní rí kòtò tí Tillinghast gbẹ́ sílẹ̀ láti fi dán akọni wò, nítorí kò ní dé ibẹ̀. Ìbéèrè pápá náà kò kàn án rárá. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì máa dúró, wọn yóò máa wo aago.

Mo gbà pẹ̀lú ìpolongo náà, ṣùgbọ́n n kò gbà pé ìgbéraga nìkan ló ń gbé àwọn ènìyàn lọ sẹ́yìn. Ẹni tó ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ tún páìpù ṣe, tó wo Woods lórí tẹlifíṣọ̀n ní 2002, ní ẹ̀tọ́ láti mọ bí ibẹ̀ ti rí. Kò sí pápá bọ́ọ̀lù Wembley tí yóò jẹ́ kí ó wọlé wá gba gólì. Bí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá ń lọ jìnnà, tí kò sì jẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn dúró, kí ó lọ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó lọ sí àárín, níbi tí kòtò ihò karùn-ún yóò ti lè bá a sọ̀rọ̀ lóòótọ́.

Àwọn ọmọ wa pọ̀ ní New York. Bí ọ̀kan nínú wọn bá pè yín lórí fóònù pé òun ti gba nọ́ńbà ní Bethpage, ẹ sọ fún un kí ó wọ bàtà tó bá a lẹ́sẹ̀ mu, kí ó gbé omi dání, kí ó sì kó bọ́ọ̀lù púpọ̀ sínú báàgì. Kí ó fi agbára díẹ̀ sílẹ̀ de ihò kẹẹ̀ẹ́dógún. Òkè ló wà, ó ga fíofío ju ojú ọ̀nà lọ, nígbà tí ẹsẹ̀ bá sì ti ń wúwo ni ènìyàn máa ń dé ìdí rẹ̀.