Orúkọ ò ra fóòmù

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń rán aṣọ eré, èrò tèmi ni pé orí ìtàgé ló yẹ kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́. Aṣọ ìtàgé gbọ́dọ̀ ṣeé bọ́ kíá, kó gba òógùn, kó má ya bí òṣèré bá ń jó. Ti cosplay yàtọ̀: kámẹ́rà á sún mọ́ ọn, gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ gbà ló máa hàn. Ruth E. Carter tó gba Oscar lọ́dún 2019 fún aṣọ Black Panther, ìdí aṣọ ìtàgé lòun náà ti bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ mo kọ iṣẹ́ ọ̀fẹ́ o. Tí wọ́n bá ní, "Bá wa ṣe é, àwọn èèyàn á mọ̀ ẹ́," ẹ bi wọ́n bóyá ọlọ́jà fóòmù náà máa ń gba orúkọ. Ẹ ṣírò aṣọ, gọ́ọ̀mù àti òru tẹ́ ò sùn. Ẹ gba àsansílẹ̀ kẹ́ ẹ tó mú sísọ́ọ̀sì.