Èéfín Ọkọ̀ Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Dẹ́rẹ́bà Nìkan

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ọkọ̀ èrò, èéfín àti òfin ìjọba. A mọ̀ pé bí àwọn kan bá ti gbọ́ "òfin ọkọ̀", wọ́n á ní ti dẹ́rẹ́bà àti LASTMA nìyẹn, kí ló kan ẹni tó ń ta tòmátì? Ẹ dúró ná. Ó kàn wá gan-an ni. Àwa là ń san owó ọkọ̀. Àwa là ń fa èéfín rẹ̀ símú láti àárọ̀ dalẹ́. Bí òfin bá sì dé lójijì, ẹrù wa ló máa ń jẹrà sójú títì. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìdí tí a fi ń sọ ọ́ nìyí.

ÈÉFÍN TÓ Ń PA ỌMỌ

Ẹ wo àwọn ọjà wa káàkiri Èkó, ẹ wo Mile 12, ẹ wo Mushin, ẹ wo Oyíǹgbò. Ibi tí ọjà bá wà, gáréèjì kì í jìnnà síbẹ̀. Dánfó á dúró, kọ̀ńdọ́ á máa pe èrò, dẹ́rẹ́bà kò ní pa ẹ́ńjìnnì. Sàlẹ́ńsà á kọjú sí ìsọ̀ ẹlẹ́ja, èéfín dúdú á máa rú jáde bíi ti ẹni tó ń dáná igi tútù. Ẹja wà nínú àtẹ, ọmọ wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Bí ọmọ bá wá ń wúkọ́ lálẹ́, a ó ní ọyẹ́ ló fà á.

Kì í ṣe ọyẹ́ nìkan o. Báńkì Àgbáyé gbé ìwádìí kan jáde lórí afẹ́fẹ́ Èkó ní 2020. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2018 nìkan, afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí pa nǹkan bí 11,200 èèyàn tí ọjọ́ wọn kò tíì pé. Bí a bá kó mẹ́wàá jọ nínú wọn, bíi mẹ́fà ló jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Owó tí àìsàn àti ikú yìí mú lọ tó bílíọ̀nù 2.1 dọ́là. Ọkọ̀ ojú títì ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ nínú ohun tó ń fà á, kí wọ́n tó kan iléeṣẹ́ ńláńlá àti jẹnẹrétọ̀. Wọ́n ní èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ Èkó ti lé ní ọdún 15.

Èéfín dúdú tí ojú ń rí burú, èyí tí ojú kò rí ló tún burú jù. Èérún wẹ́wẹ́ ni, ó kúnná ju èlùbọ́ tí a fi asẹ́ kù lọ. Ó máa ń wọnú ẹ̀dọ̀fóró, a sì máa bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa ni àgbà tó wà lọ́jà yìí o.

ÒFIN LÈ TÚN NǸKAN ṢE

Àwọn kan á ní kò sóhun tí òfin lè ṣe nílẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ ká rántí ọ̀rọ̀ òjé. Nígbà kan, òjé wà nínú epo bẹntiróòlù tí gbogbo ọkọ̀ ń jó, òjé a sì máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2001, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó wà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà pàdé ní Dakar, ní Senegal. Wọ́n ní òjé gbọ́dọ̀ kúrò nínú epo kí ọdún 2006 tó wọlé, ọ̀rọ̀ náà sì ṣẹ. Nígbà tó di 2021, Algeria tó kù lẹ́yìn náà pa á tì, ó sì tán ní gbogbo ayé. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é: ibi tí epo ti ń wá ni wọ́n ti tún un ṣe. Wọn ò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí wọ́n máa gba ọkọ̀ lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà.

Ohun tó kù nínú epo báyìí ni imí ọjọ́, pàápàá nínú dísẹ́ẹ̀lì tí àwọn tirélà àti ọkọ̀ akẹ́rù ń jó. Ní oṣù Kejìlá 2016, Nàìjíríà, Benin, Togo, Ghana àti Côte d'Ivoire fẹnu kò ní Abuja pé àwọn kò ní gba epo ìdọ̀tí wọlé mọ́. Imí ọjọ́ inú dísẹ́ẹ̀lì kò gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀n 50 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Tẹ́lẹ̀, ìwọ̀n 3,000 ni Nàìjíríà ń gbà láyè. Oṣù Keje 2017 ni wọ́n dá fún un. Ọjọ́ náà kọjá lọ ní tiwa, epo kò yí padà. Ta ló béèrè? Àwa tí à ń fa èéfín rẹ̀ kò tiẹ̀ gbọ́ pé wọ́n ṣe ìpàdé kankan.

Ìjọba Èkó náà ti ṣe ohun tó dára, a ò ní í fi bò. BRT bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta 2008, láti Mile 12 dé CMS, nǹkan bíi kìlómítà 22, a sì yọ ọ̀nà tirẹ̀ sọ́tọ̀ fún un. Reluwé aláwọ̀ búlúù tó ń rìn láti Marina dé Mile 2 bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù Kẹsàn-án 2023. Iná mànàmáná ló ń lò, kò ní sàlẹ́ńsà rárá. Ká dúpẹ́. Àmọ́ èrò ni wọ́n ṣe ìwọ̀nyí fún. Ẹni tó gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì 4 àti àpò àlùbọ́sà, inú dánfó àtijọ́ náà ló ń padà sí.

ÒFIN TÓ Ń JÁ LÙ WÁ

Òfin ìrìnnà Èkó ti 2012 lé ọ̀kadà kúrò ní títì 475. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 2020, wọ́n lé ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ 6. Àwọn èèyàn fẹsẹ̀ rìn títí ẹsẹ̀ wú. Ní oṣù Kẹfà 2022, wọ́n tún òfin ọ̀kadà náà dì le. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, wọ́n fi Kosofe, Mushin, Somolu àti Oshodi-Isolo kún un. A ò sọ pé òfin náà kò nídìí. Gbogbo wa la mọ ẹni tí ọ̀kadà ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Ohun tí à ń béèrè ni pé, kí ni wọ́n pèsè fún ẹrù kó tó di pé wọ́n lé ẹni tó ń gbé e?

Bákan náà ni ti ike funfun tí àwọn olóúnjẹ fi ń di ìrẹsì. Ọjọ́ 21 oṣù Kìíní 2024 ni ìjọba kéde pé òun ti fòfin dè é, ojú ẹsẹ̀ ló sì bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fún àwọn oníṣòwò ní ọ̀sẹ̀ 3 láti ta èyí tó wà nílẹ̀. Òótọ́ ni pé ike yẹn ń dí gọ́tà, omi gọ́tà náà sì ń wọ ìsọ̀ wa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pè wá jókòó tẹ́lẹ̀, kò ní í di eré kíákíá.

Ti owó ẹ̀yìn ńkọ́? Òfin tó de èéfín ọkọ̀ ti wà nílẹ̀ Nàìjíríà láti 2011. Síbẹ̀, ojú wa rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ kan dá mọ́tò tó kó ata wa dúró, wọ́n ní èéfín rẹ̀ pọ̀ jù. Òótọ́ ni, ó pọ̀. Dẹ́rẹ́bà bọ́ sílẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ. Èéfín ò dín. Nígbà tí a dé ọjà, dẹ́rẹ́bà fi owó tó fún wọn lé owó ẹrù wa. Ẹ̀bìtì tí kò bá pa eku, ẹ fi ẹyìn fẹ́lẹ́yìn. Láti ìgbà tí epo sì ti gbówó lórí ní oṣù Karùn-ún 2023, kò sí àfikún kankan tí apá wa tún ká.

OHUN TÍ A FẸ́ BÉÈRÈ

A ti jíròrò nínú ẹgbẹ́, ìwọ̀nyí ló yẹ ká gbé lọ bá ìjọba ìbílẹ̀:

1. Kí wọ́n lé akátá jìnnà kí wọ́n tó bá adìẹ wí. Kí wọ́n tún epo ṣe ná, kí wọ́n tó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ aláìní.

2. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn èéfín, kì í ṣe ojú lásán. Ẹni tó bá san owó ìtanràn, kí ó gba rìsíìtì.

3. Kí wọ́n kéde òfin tuntun lédè Yorùbá nínú ọjà, kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

4. Kí wọ́n ronú kan ọkọ̀ ẹrù. Àwa náà ń san owó orí.

Èyí tó wà lọ́wọ́ tiwa ńkọ́? Kí ẹni tó bá ń kó ẹrù sọ fún dẹ́rẹ́bà pé kó pa ẹ́ńjìnnì títí ẹrù á fi wọlé tán. Ẹ má tẹ́ ọmọ sùn sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ìsọ̀, ẹ má sì dáná sun ọ̀rá nínú ọjà. Èéfín rẹ̀ ń pani gẹ́gẹ́ bíi ti mọ́tò.

Kí ìlà kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan tí yóò wá sí ìpàdé tó ń bọ̀: ẹlẹ́ja, aláta, alásọ, elélùbọ́, gbogbo wa pátá. Kí ẹni náà mú àkọsílẹ̀ owó ọkọ̀ ìlà rẹ̀ wá, ti oṣù mẹ́ta, àti ọjọ́ tí wọ́n dá ẹrù wọn dúró lọ́nà. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, kó sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ kó bá a kọ ọ́. Ìwé tó ní iye nínú kì í ṣe é dà sẹ́yìn bọ̀rọ̀.

Èéfín nìwà, rírú ní í rú. Ẹ jẹ́ kí tiwa rú dé ọ́fíìsì wọn. Ire o.