Ẹ̀sìn àti Ìjọba Lẹ́bàá Ọ̀nà Márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn

Abala kẹwàá nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò ju gbólóhùn kan lọ: ìjọba àpapọ̀ tàbí ìjọba ìpínlẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kan di ẹ̀sìn ìjọba. Àríyànjiyàn tó wà lórí gbólóhùn kan yìí kò tíì tán. Àwọn kan ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìjọba kò lẹ́sìn, kí kálukú fi tirẹ̀ sílé. Àwọn mìíràn ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ẹlẹ́sìn púpọ̀ ni Nàìjíríà, ohun tí òfin kọ̀ ni kí ìjọba gbé ọ̀kan lékè àwọn yòókù. Ẹni tó bá ka ìwé òfin náà fúnra rẹ̀ yóò rí i pé ohùn rẹ̀ kò ṣọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ dárúkọ Ọlọ́run. Ìrànlọ́wọ́ Ọlọ́run ni ààrẹ àti gómìnà fi ń kádìí ìbúra wọn. Abala 38 fún olúkúlùkù ní òmìnira láti ṣe ẹ̀sìn tó wù ú, kó sì pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́. Abala 222 kò gbà kí ẹgbẹ́ òṣèlú fi ẹ̀sìn sínú orúkọ tàbí àmì rẹ̀, síbẹ̀ abala 275 fàyè gba ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ láti ní kóòtù kòtẹ́milọ́rùn Ṣàríà. Ìjọba àpapọ̀ ní àjọ tó ń bójú tó ìrìnàjò sí Mẹ́kà, ó sì ní òmíràn fún ti Jerúsálẹ́mù.

Kò síbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn sójú táyé bí ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, láàrin Ibafo àti Mowe, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi Owódé ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ibùdó àdúrà ló tò lẹ́bàá ọ̀nà náà. Prayer City ìjọ Mountain of Fire wà níbẹ̀, pẹ̀lú yunifásítì Mountain Top tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015. Deeper Life ní ibùdó àpéjọ tirẹ̀. Ẹgbẹ́ Musulumi NASFAT, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1995, ní ibùdó ní Asese. Èyí tó tóbi jù nínú wọn ni Redemption City, ibùdó ìjọ Redeemed. Bó bá di ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí ìjọ náà ń ṣe ìsìn òru rẹ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ a bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ń rọ̀. Bọ́ọ̀sì ìjọ, jíìpù àwọn ọlọ́lá àti dánfó yóò tò lẹ́yìn ara wọn. Àwọn tó ń ta ẹní, òróró àti omi inú ọ̀rá yóò máa sáré láàrin wọn. Ẹni tó ń lọ sí Ìbàdàn láti lọ sin òkú bàbá rẹ̀ yóò há sínú rẹ̀ bí ẹni tó ń lọ gbàdúrà. Owó gbogbo ìlú ni wọ́n fi la ọ̀nà yìí, tí wọ́n ṣí ní 1978, ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ìsìn ló ń darí rẹ̀.

Ọdún 1983 ni ìjọ Redeemed ra ilẹ̀ síbẹ̀, lẹ́yìn tí Pásítọ̀ Enoch Adébóyè di alábòójútó ìjọ tí Josiah Akíndayọ̀mi dá sílẹ̀ ní 1952. Igbó ni ibẹ̀ nígbà náà. Nígbà tó fi di 2017, nǹkan bí 5,000 ilé ló ti wà nínú ọgbà náà, iná tí wọ́n ń lò sì ń wá láti inú ẹ̀rọ amúnáwá tiwọn tó ń lo gáàsì, tó lágbára tó mẹgawáàtì 25. Ọ̀dà wà lójú títì wọn, omi ń yọ, wọ́n ń kó ilẹ̀. Ilé ìwé wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn wà, báńkì wà, àgọ́ ọlọ́pàá náà wà. Ní òde ọgbà, ní Mowe, ariwo jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Àwọn onílé àdúgbò ló ń dáwó ra tiransifọ́mà, àwọn ló ń da yẹ̀pẹ̀ sí kòtò, oníkálukú ló ń gbẹ́ kànga rẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìjọ ti ń gba iṣẹ́ ìjọba ṣe. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ìjọba ló gbé iṣẹ́ náà sílẹ̀, ẹni tó rí i nílẹ̀ ló gbé e. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú fò. Bí alága ìjọba ìbílẹ̀ kò bá ṣe dáadáa, aráàlú lè fi ìbò yọ ọ́, wọ́n lè béèrè bó ṣe náwó. Olórí ìjọ kò bá wọn du ìbò, kò sì sí ìbò tí wọ́n lè fi yọ ọ́. Ìlú tí iná, omi àti ọ̀nà rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ olórí ẹ̀sìn lè dára ní gbígbé ju ìlú ìjọba lọ, ṣùgbọ́n agbára aráàlú lórí ẹni tó ń ṣàkóso rẹ̀ kéré.

Èèyàn tó pọ̀ sójú kan báyìí kò lè fara sin fún olóṣèlú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, nígbà tí ìbò ààrẹ ku oṣù díẹ̀, Ààrẹ Goodluck Jonathan kúnlẹ̀ níwájú Adébóyè ní ibùdó náà, Adébóyè gbàdúrà fún un, àwòrán rẹ̀ sì kárí ilẹ̀. Láti 2015 dé 2023, pásítọ̀ Redeemed ni igbákejì ààrẹ Nàìjíríà: Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kan náà. Nígbà tí ìjọ náà dá ẹ̀ka ọ̀rọ̀ ìṣèlú sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, tí Ọ̀ṣínbàjò sì kéde ní oṣù Kẹrin pé òun fẹ́ ṣe ààrẹ, ọ̀pọ̀ ló so méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n Bọ́lá Tinúbú ló borí rẹ̀ nínú ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ APC ní oṣù Kẹfà.

Ìjọba náà ti fẹ́ na ọwọ́ sínú ìjọ rí. Òfin kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016, èyí tí àjọ tó ń bójú tó ìṣirò owó ṣe, ní olórí ilé ẹ̀sìn kò gbọdọ̀ lò ju 20 ọdún lọ lórí oyè, kò sì gbọdọ̀ ju ẹni 70 ọdún lọ. Ní oṣù Kìíní 2017, Adébóyè, tó ti lé ní 70 ọdún, fi ẹlòmíràn ṣe alábòójútó ìjọ ní Nàìjíríà, òun sì jẹ́ olórí ìjọ káàkiri àgbáyé. Kò pé ọjọ́ díẹ̀ tí ìjọba Ààrẹ Buhari fi yọ olórí àjọ náà, wọ́n sì dá òfin náà dúró. Ìjọba tún gbé irú rẹ̀ wá nínú òfin ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ tí wọ́n ṣe ní 2020, èyí tó jẹ́ kí CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lè dá àwọn alámòójútó ẹgbẹ́ aláàánú dúró. Àwọn ìjọ fárígá sí i. Ẹ̀rù wọn ní ìdí, nítorí ìjọba tó lè yan olórí fún ìjọ lè fi ọ̀nà kan náà pa á lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n owó tí aráàlú ń dá yẹ kó ní ẹni tí yóò ṣírò rẹ̀.

Lọ́dọ̀ àwọn Musulumi, ẹ̀dùn ọkàn wọn gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1978, nígbà tí wọ́n ń kọ ìwé òfin tuntun, àwọn aṣojú tó fẹ́ kóòtù Ṣàríà fún gbogbo orílẹ̀-èdè fìbínú jáde nípàdé. Ibi tí wọ́n fìdí rẹ̀ tì ni kí ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ ní tirẹ̀. Láti ìgbà tí Zamfara ti bẹ̀rẹ̀ ní 1999, ìpínlẹ̀ 12 ní àríwá ló mú òfin Ṣàríà wọ inú ẹjọ́ ọ̀daràn. Ní ilẹ̀ Yorùbá kò sí ọ̀kan. Àwọn Musulumi ibí ní ẹjọ́ ìgbéyàwó àti ogún àwọn kò yẹ kó máa lọ sí kóòtù ìbílẹ̀, nígbà tí ìwé òfin fi Ṣàríà sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Àwọn tó kọ̀ ń béèrè pé ta ni ẹni tó fẹ́ náà: ìpínlẹ̀ ni, àbí ẹgbẹ́ kan nínú rẹ̀? Nígbà tí ìkéde jáde ní oṣù Kìíní 2025 pé wọ́n fẹ́ ṣí kóòtù Ṣàríà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún ní kò sí òfin tó fàyè gba irú kóòtù bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Nínú òfin, gómìnà jàre, nítorí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ló lè dá kóòtù sílẹ̀. Àmọ́ ìdáhùn yẹn kò tíì kan ìbéèrè tí Musulumi ń béèrè nípa ogún bàbá rẹ̀.

Bí ẹ̀sìn ṣe ń yí ìbò padà náà kò dúró sójú kan. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1993, M.K.O. Abíọ́lá, Musulumi ọmọ Abẹ́òkúta, mú Musulumi bíi tirẹ̀, Babagana Kingibe, ṣe igbákejì, Kristẹni àti Musulumi ilẹ̀ Yorùbá sì jọ dìbò fún un. Nígbà tí Tinúbú, tó jẹ́ Musulumi, mú Kashim Shettima, Musulumi bíi tirẹ̀, ṣe igbákejì ní 2022, ẹgbẹ́ Kristẹni CAN takò ó gidigidi. Ọdún 29 tó wà láàrin méjèèjì kún fún Ṣàríà ti àríwá àti ìpànìyàn Boko Haram, ìfura sì ti wọlé. Ìyàwó Tinúbú, Olúrẹ̀mí, pásítọ̀ ni nínú ìjọ Redeemed. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá kankan.

Ní ìhà Ifo, Agbado àti Akute, níbi tí owó ilé ti lé ọ̀pọ̀ ará Èkó jáde wá kọ́lé, ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ìpàdé ẹgbẹ́ onílé. Alága á ní kí Àlùfáà fi Fátíhà ṣí ìpàdé, á ní kí Pásítọ̀ kádìí rẹ̀. Wọn kì í jà lórí rẹ̀, bó bá sì jẹ́ Pásítọ̀ ló ṣí i lóṣù yìí, Àlùfáà ni yóò parí rẹ̀. Babaláwo àdúgbò wà níjókòó pẹ̀lú wọn, òun náà sanwó tiransifọ́mà. Kò sẹ́ni tó pè é pé kó gbàdúrà. Àmín ló ń ṣe sí àdúrà méjèèjì.

Ibi tí àríyànjiyàn náà ti jinlẹ̀ jù nìyẹn, a kì í sì í sábà gbọ́ ọ. Kí ìsìn méjèèjì tó dé, ìṣẹ̀ṣe àti ìjọba kò yà sọ́tọ̀ síra. Ògbóni tó ń bọ ilẹ̀ náà ló ń dá ẹjọ́ ní Ẹ̀gbá. Ní oṣù Kẹwàá 1867, àwọn Ẹ̀gbá kọlu ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé àwọn míṣọ́nnárì ní Abẹ́òkúta, wọ́n ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí Henry Townsend fi ń tẹ Ìwé Ìròyìn jẹ́. Ìfọ́lé ni wọ́n ń pè é. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó ló ń fi ọmọ ogun rẹ̀ ká ojú ọ̀nà Ẹ̀gbá mọ́, àwọn Ẹ̀gbá sì rí ṣọ́ọ̀ṣì gẹ́gẹ́ bí apá ìjọba náà.

Lónìí, orí ọba ni ìjà náà wà. Òfin Ọba àti Ìjòyè Ìpínlẹ̀ Ògùn ti 2021 gbà kí wọ́n sin ọba nílànà ẹ̀sìn rẹ̀ àti bí ẹbí rẹ̀ bá ṣe fẹ́. Nígbà tí Awùjalẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Sikiru Adétọ̀nà, tó gorí ìtẹ́ ní 1960, wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù Keje 2025, wọ́n sin ín nílànà Islam ní ọjọ́ kejì, sójà sì wà níbẹ̀. Àwọn oníṣẹ̀ṣe ní oyè kì í ṣe ti ẹbí kan, pé ẹni tó gba adé gba ètùtù rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn oníṣẹ̀ṣe náà ní ẹjọ́ tí wọn yóò jẹ́: ìsémọ́ Orò tó ń dá obìnrin dúró sílé lọ́sàn-án gangan kò bá abala 38 mu, bẹ́ẹ̀ ni kò bá òmìnira ìrìn mu. Òfin tó dáàbò bo ẹ̀sìn ọba tó kú gbọ́dọ̀ dáàbò bo ẹsẹ̀ obìnrin tó ń lọ sọ́jà.

Kò sí iye tí ẹnikẹ́ni lè fi pín ẹ̀tọ́ náà, nítorí ìkànìyàn 1991 àti ti 2006 kò béèrè ẹ̀sìn. Ní 2023, ìjọba Ògùn bá Èkó, Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi fún Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. Orílẹ̀-èdè Benin, tí ìwé òfin rẹ̀ sọ pé ìjọba àwọn kò lẹ́sìn, ti ń fún gbogbo ìlú ní ìsinmi àwọn olórìṣà nínú oṣù Kìíní láti 1998, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kérésì àti Iléyá. Nínú ìsinmi ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà, Kérésì wà, Àjíǹde wà, Ìtúnu Ààwẹ̀, Iléyá àti Máólúdì wà. Ti ìṣẹ̀ṣe kò sí níbẹ̀.